Task Manager mi kò ṣí, wọ́n ní àfi fọ́máàtì: ṣé òótọ́ ni?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Windows 10 ló wà lórí laptop mi, ó sì ti ń falẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ hàn, kí n wo ohun tó ń jẹ RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ohun tó gbé wá ni: 'Task Manager has been disabled by your administrator.' Èmi nìkan ni mò ń lò ó, kò sẹ́ni tó tún mọ pásíwọ́ọ̀dù mi. Ta wá ni administrator tó tì í? Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa. Kò tiẹ̀ wò ó dénú tó fi ní àfi kóun fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn kóun pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì wà nínú ẹ̀, mo ti kọ orí mẹ́ta. Ṣé kí n gbà?"

* * *

Má gbà. Lọ gba laptop rẹ lónìí, kó o gbé e wálé. Kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, da iṣẹ́ àṣekágbá yẹn kọ sí ibi méjì. Fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ, kó o gbé èkejì sórí Google Drive. Má tíì ki fláàṣì bọ̀ ọ́, mo máa sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Àbúrò mi, Task Manager rẹ ò bàjẹ́. Wọ́n tì í ni. Ó sì sọ fún ọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé wọ́n ti òun. Nínú gbogbo ọ̀nà tó fi máa ń kọ̀ láti ṣí, èyí ló rọrùn jù láti tú, nítorí a mọ ibi tí wọ́n kọ òfin náà sí.

Ọ̀rọ̀ fọ́máàtì yìí máa ń ká mi lára. Obìnrin kan gbé laptop wá bá mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti fọ́máàtì ẹ̀ tán. Fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ń wá. Kò sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Mo wá a fún ọjọ́ mẹ́ta, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo rí yọ. Mo wá bi í pé kí ló tiẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà náà lọ tún ṣe. Ó ní Calculator ni kò ṣí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi èèyàn ni pé: kí ló kọ sójú ẹ̀ gan-an? Ìwọ ti dá a lóhùn, o ṣeun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé "ó kàn kọ nǹkan kan." Nǹkan kan yẹn gan-an ni mo nílò. Ẹ fi fóònù ya á.

* * *

Ta ni administrator, ìyẹn alákòóso kọ̀ǹpútà? Ibì kan wà tí Windows ń tọ́jú òfin rẹ̀ sí, Registry lorúkọ rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ oníkálùkù tó ń lo kọ̀ǹpútà, àyè kan wà tó lè jẹ́ DisableTaskMgr. Bí 1 bá wà níbẹ̀, Task Manager ò ní ṣí. Bó bá jẹ́ 0, tàbí kó má tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá, á ṣí. Windows kì í wádìí ẹni tó kọ 1 yẹn. Ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́, administrator ló máa pè é.

Ọwọ́ méjì ló sábà máa ń kọ ọ́. Àkọ́kọ́ ni iléeṣẹ́ tàbí ilé ìwé tó ni kọ̀ǹpútà, tí wọn ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa pa ètò tí wọ́n gbé síbẹ̀. Má rò pé ìyẹn ò lè kàn ọ́. Púpọ̀ nínú laptop tọ̀kúnbọ̀ tí à ń rà ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà kó tó dọ́dọ̀ wa, òmíràn sì gbé òfin ọ́fíìsì yẹn wálé. Bó o bá ṣí Settings, tó o rí i níbẹ̀ pé "Some settings are managed by your organization", tí kò sì sí iléeṣẹ́ kankan tó o bá ṣe pọ̀, àmì kan nìyẹn. Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́ rẹ lóòótọ́, má tú u. Lọ bá àwọn tó ń bójú tó o, kó o ní kí wọ́n ṣí i fún ọ.

Ọwọ́ kejì ni fáírọ́ọ̀sì. Ìyẹn ni mo fura sí nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, nítorí o ní ó ń falẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lérè fún fáírọ́ọ̀sì kí Task Manager má ṣí, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí i, ibẹ̀ náà lèèyàn ti ń pa á. Èyí tí wọ́n ń pè ní Sality, tí wọ́n ti mọ̀ láti 2003, ń ti Task Manager, ó ń ti Registry, ó tún ń wọnú àwọn fáìlì tó ní .exe nídìí kó lè bá fláàṣì rìn láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn.

* * *

Bó o ṣe máa ṣí i rèé. Tẹ Windows àti R pọ̀, kọ regedit, tẹ Enter. Bó bá béèrè bóyá o gbà, tẹ Yes. Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, lọ sí File, yan Export, kó o tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, máa ṣí fódà kan tẹ̀ lé òmíràn títí wàá fi dé ibí:

HKEY_CURRENT_USER\Software\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Policies\System

Wo ọwọ́ ọ̀tún. Bó o bá rí DisableTaskMgr, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, sọ 1 di 0, tàbí kó o kúkú pa á rẹ́. Fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó ṣeé ṣe kí regedit náà sọ pé wọ́n ti ti òun. Orúkọ àyè tó ń ṣe ìyẹn ni DisableRegistryTools, inú fódà kan náà ló wà. Má jẹ́ kó tán ọ ní sùúrù. Wá PowerShell, ibi tí èèyàn ti ń kọ àṣẹ fún Windows, nínú Start, fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, yan "Run as administrator", kó o wá kọ èyí sórí ìlà kan ṣoṣo:

Remove-ItemProperty -Path "HKCU:\Software\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Policies\System" -Name DisableTaskMgr, DisableRegistryTools

Pàkúté kan wà níbẹ̀ tó ti mú èmi fúnra mi rí. HKCU túmọ̀ sí "ẹni tó ń lò ó báyìí". Bí àkáǹtì rẹ ò bá ní agbára administrator, tó o wá fi pásíwọ́ọ̀dù ẹlòmíràn ṣí PowerShell, Registry ti ẹni yẹn lo máa tún ṣe, tìrẹ á wà bó ṣe wà. Mo lo gbogbo ìrọ̀lẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé kan kí n tó mọ̀ pé àyè ọ̀gá ilé ìwé ni mò ń tún ṣe, nígbà tó jẹ́ pé àyè akọ̀wé ni wọ́n tì.

* * *

Àwọn kan ti kọ̀wé pé mò ń gba ọ̀nà jíjìn, pé gpedit, ibi tí Windows ti ń jẹ́ kéèyàn ṣètò òfin rẹ̀, ló yá jù. Òótọ́ ni pé gpedit.msc wà. Lábẹ́ User Configuration, wọnú Administrative Templates, System, lẹ́yìn náà Ctrl+Alt+Del Options, wàá rí "Remove Task Manager" níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Windows Home ò ní gpedit, Home ló sì wà lórí laptop ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ tún wo èyí: tí fáírọ́ọ̀sì bá kọ 1 yẹn tààrà sínú Registry, gpedit á máa fi "Not configured" hàn yín, bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Èèyàn á wò ó, á ní ibí yìí dára, á sì kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ "Remove" yẹn náà máa ń da èèyàn rú. Ẹ̀mejì ni mo ti rí ẹni tó yan Enabled, tó rò pé Task Manager lòun ń gbà láyè. Yíyọ ọ́ kúrò ló gbà láyè. Disabled ni kẹ́ ẹ yàn, kẹ́ ẹ tẹ Apply.

* * *

Ọ̀gá kan tí òun náà ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá mi jiyàn, àríyànjiyàn rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ọmọ yìí pé kó ṣí Task Manager ná, pé fáírọ́ọ̀sì ni kó kọ́kọ́ pa, nítorí bí a bá tú u tí fáírọ́ọ̀sì ṣì wà láàyè, á tún tì í kó tó di ọ̀la.

Mo gbà pẹ̀lú ọ̀gá náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ sórí adìẹ. Ṣùgbọ́n mo ní ìdí tí mo fi ń tú u lẹ́ẹ̀kan kí n tó lé akátá: àdánwò ni. Bí mo bá sọ 1 di 0, tí mo tan kọ̀ǹpútà padà, tí 0 ṣì wà ní 0, òfin àtijọ́ tí kò lólùtọ́jú mọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá padà di 1, ẹnì kan wà nínú ilé. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo lò ti sọ irú ìjà tí mò ń jà fún mi.

Restart ni kẹ́ ẹ lò fún àdánwò yìí, ẹ má lo Shut down. Láti Windows 8 ni Fast Startup ti wà, bó bá sì ń ṣiṣẹ́, Shut down kì í pa gbogbo nǹkan tán, ó máa ń tọ́jú apá kan kó lè tètè tàn lọ́la. Ẹni tó bá ní "mo ti pa á, mo ti tàn án, kò yí padà" lè máà tíì pa á rí látọjọ́ yìí.

Bó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, Microsoft Defender Offline ni mo máa ń kọ́kọ́ lò. Inú Windows Security ló wà, lábẹ́ Virus & threat protection, nínú Scan options. Kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, á tàn padà láìjẹ́ kí Windows fúnra rẹ̀ jí, á sì yẹ gbogbo ibẹ̀ wò nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ò tíì dìde. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí bátìrì kún, kí ẹ sì tọ́jú iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti pa Defender náà lẹ́nu mọ́, ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà tó mọ́, ẹ fi Kaspersky Rescue Disk sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ fi fláàṣì yẹn tan èyí tó ń ṣàìsàn. Ọ̀fẹ́ ni.

* * *

Màmá kan tó jẹ́ olùkọ́ béèrè pé tòun ò sọ nǹkan kan rárá, òun á tẹ bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú kọ̀ǹpútà á kàn máa wo òun.

Mà, ẹ gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé ná. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti Delete, kẹ́ ẹ yan Task Manager níbẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ Start. Tàbí kẹ́ ẹ tẹ Windows àti R, kẹ́ ẹ kọ taskmgr. Bó bá ṣí lọ́nà kan tí kò ṣí lọ́nà kejì, Task Manager ò ní àìsàn, bọ́tìnnì ló ní i. Lórí laptop tọ̀kúnbọ̀ ọ̀rọ̀ yìí pọ̀: Esc ti kú, tàbí Shift ọwọ́ òsì ò wọlé mọ́. Ẹ fi Shift ọwọ́ ọ̀tún dán an wò.

Bí gbogbo ọ̀nà bá dákẹ́, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ìdí wà fún ìyẹn. Dave Plummer, ẹni tó kọ Task Manager nígbà tó wà ní Microsoft, tó kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú Windows NT 4.0 ní 1996, ti ṣàlàyé bó ṣe ṣe é. Bẹ́ ẹ bá pe Task Manager kejì nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì wà, èkejì á kọ́kọ́ bi àkọ́kọ́ bóyá ó ṣì wà láàyè. Bí àkọ́kọ́ ò bá dáhùn fún ìwọ̀nba àkókò kan, èkejì á ṣí ara rẹ̀. Ó ṣe é kó lè ṣí nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́ gan-an. Òun náà ló sọ pé bí ètò inú rẹ̀ bá dàrú, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl, Alt àti Shift mọ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí i, á padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó máa ń wú mi lórí pé ẹni tó kọ nǹkan yìí láàárín àwọn ọdún 1990 sí 1999 ti ro ọjọ́ ìpọ́njú wa sílẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń fa ìdákẹ́jẹ́: ó lè ti ṣí, kó jẹ́ pé ojú míì ló ṣí sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó projector ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló kọ́ mi ní èyí. Ọjọ́ Sunday ló fa Task Manager sórí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó pa á síbẹ̀. Lọ́jọ́ Monday, nílé, Task Manager ń ṣí sórí ògiri tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà: bí àmì rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ Windows, Shift àti ọfà ọ̀tún tàbí òsì, á padà wá bá yín.

Tàwọn tó ṣì wà lórí Windows 7, tí Task Manager wọn ṣí láìní orí, láìní ibi tí wọ́n á ti pa á: ẹ ti tẹ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ẹ tún tẹ etí náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tán.

* * *

Èyí tó tẹ̀ lé e gba ibi tí kò sẹ́ni tó fura sí. Ẹnì kan ní Windows sọ fóun pé òun ò rí taskmgr.exe, bẹ́ẹ̀ fáìlì náà wà nínú C:\Windows\System32, ó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Mo bi í bóyá ó ti lo Process Explorer rí, ètò kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ Task Manager. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ti pa á rẹ́. Ibẹ̀ ló wà. Process Explorer jẹ́ iṣẹ́ Mark Russinovich àti Sysinternals, tí Microsoft rà ní 2006. Ohun rere ni, èmi náà ń lò ó. Ó ní àyè kan tó ń jẹ́ "Replace Task Manager". Bó o bá yàn án, ó ń kọ ọ́ sínú Registry pé nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá pe Task Manager, òun ni kí wọ́n gbé wá. Bó o bá wá pa Process Explorer rẹ́ láìyọ àyè yẹn, Windows á máa pe ẹni tó ti kúrò nílé. Ẹ lọ síbí:

HKEY_LOCAL_MACHINE\SOFTWARE\Microsoft\Windows NT\CurrentVersion\Image File Execution Options\taskmgr.exe

Bẹ́ ẹ bá rí Debugger níbẹ̀, ẹ pa Debugger yẹn rẹ́. Fáírọ́ọ̀sì náà máa ń lo ibí yìí, nítorí náà ẹ ka ohun tó kọ sí iwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa á. Bó bá jẹ́ orúkọ tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ akátá.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà díẹ̀ sórí Snipping Tool, èyí tó ń ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, àti Calculator, ó sì yẹ kí n dáhùn, nítorí ìmọ̀ràn táwọn kan ń fúnni níbẹ̀, pé kéèyàn tẹ Repair, ti ń darí àwọn ẹlòmíràn sí ibi tí kò yẹ.

Irú irinṣẹ́ méjì ló wà nínú Windows báyìí. Calculator, Photos, Snipping Tool ti Windows 11 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn jẹ́ app. Bí wọn ò bá ṣí, ẹ lọ sí Settings, Apps, ẹ wá orúkọ rẹ̀, ẹ ṣí Advanced options, ẹ tẹ Repair. Bí ìyẹn ò bá ràn án, ẹ tẹ Reset. Ìṣẹ́jú kan ni. Ìyẹn ni ì bá ti gba fọ́tò ìyá obìnrin yẹn là. Task Manager, Disk Management, Event Viewer ò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ẹ ò ní rí Repair fún wọn níbẹ̀, ẹ má fi wákàtí kan wá a.

Àwọn app yìí tún ní àìsàn kan tí Task Manager kì í sábà ní: ọjọ́. Ní 31 oṣù kẹwàá 2021, kò tíì tó oṣù kan tí Windows 11 jáde, ìwé ẹ̀rí kan tí Microsoft fi buwọ́ lu àwọn irinṣẹ́ kan parí. Nígbà tó di 1 oṣù kọkànlá, Snipping Tool ò ṣí mọ́ fún àwọn kan, àwọn mìíràn ò rí pátákó emoji ṣí. Microsoft ní kí wọ́n máa fi Print Screen ya ojú kọ̀ǹpútà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Paint títí àtúnṣe fi dé. Àwọn kan dá ọjọ́ kọ̀ǹpútà wọn padà sẹ́yìn, sí ìgbà tí ìwé ẹ̀rí náà kò tíì parí, ó sì ṣí.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé tiwa máa ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré bí owó ẹyọ wà nínú kọ̀ǹpútà, CR2032 ló sábà máa ń jẹ́, òun ló ń rántí ọjọ́ nígbà tí kò bá sí iná. Lórí ẹ̀rọ tó ti dàgbà, ó ti kú. Wọ́n mú iná lọ, bátìrì ńlá gbẹ, ẹ tan kọ̀ǹpútà, ọdún ti padà sẹ́yìn. App ń kọ̀, Chrome ń sọ pé ìsopọ̀ yín ò láàbò, ẹ ò mọ̀ pé ọjọ́ ló fà á. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ ka ọdún rẹ̀ dáadáa.

* * *

"Ẹ sáà ní kó lo sfc," lẹ́nì kan kọ. Ó dáa. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ sfc /scannow. Á yẹ àwọn fáìlì Windows wò, á sì tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Kò lè tú ohun tí wọ́n fi òfin tì. Mo ti rí ẹni tó ṣe sfc lẹ́ẹ̀mẹrin lórí irú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń sọ fún un pé kò sí àléébù. Òótọ́ ló ń sọ.

Ibi tí èmi àti Microsoft kò ti pa pọ̀ rèé. Wọ́n ní kí èèyàn kọ́kọ́ ṣe DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, kó tó ṣe sfc. Ìdí tiwọn dára: ibi tí sfc ti ń mú fáìlì rere ni DISM ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni DISM ti ń fa ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó, owó dátà wa sì ni. sfc kì í jẹ dátà. Èmi máa ń kọ́kọ́ ṣe sfc. Bó bá sọ pé òun rí fáìlì tó bàjẹ́ tí òun ò lè tún un ṣe, ìgbà yẹn ni mo máa ń pe DISM, màá wá tún sfc ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ní ISO Windows, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà, tó bá tiyín mu lórí fláàṣì tó mọ́, ẹ lè ní kí DISM mú un níbẹ̀ dípò íntánẹ́ẹ̀tì:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth /Source:D:\sources\install.wim /LimitAccess

D ni mo kọ, ẹ wo lẹ́tà tí fláàṣì tiyín ń jẹ́. Inú àwọn ISO kan, install.esd lẹ máa bá dípò install.wim. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí iná bá ń ṣe ségesège. Ó lè dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni pé ó ti kú, ẹ má pa á.

* * *

Arákùnrin kan ní kí ọmọ yìí lọ gbé Windows 11 sí i, pé Windows 10 ti parí. Ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ fún Windows 10 parí ní 14 oṣù kẹwàá 2025 lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ààbò rẹ̀ sì yẹ ká jíròrò nípa rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ṣíìpù ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, àti processor tí kò pẹ́ jù, ọ̀pọ̀ laptop tọ̀kúnbọ̀ ò sì ní wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ orí kẹrin lọ́wọ́ ò ní owó laptop tuntun nítorí nọ́ńbà 1 kan tó yẹ kó jẹ́ 0.

Bó bá sì wá jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè kò ṣiṣẹ́, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ṣì wà kẹ́ ẹ tó dé fọ́máàtì. Ẹ dá àkáǹtì tuntun sílẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá Task Manager á ṣí níbẹ̀. Bó bá ṣí, inú àkáǹtì àtijọ́ ni àìsàn wà, ẹ kó fáìlì yín wá sínú tuntun. Bí kò bá ṣí, ẹ ṣí ISO Windows láti inú Windows fúnra rẹ̀, ẹ tẹ setup.exe, kẹ́ ẹ yàn pé kó tọ́jú fáìlì àti app yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni "Reset this PC" pẹ̀lú "Keep my files", tó ń yọ app tẹ́ ẹ gbé sí i, ṣùgbọ́n tó ń fi fáìlì yín sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́máàtì kọ̀ǹpútà yín láìdárúkọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ gba ẹrù yín lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Ọmọ wa ti padà dé:

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbà á wálé. Regedit sọ pé wọ́n ti ti òun, bẹ́ ẹ ṣe sọ. Mo lo PowerShell, Task Manager ṣí! Àmọ́ nígbà tí mo ṣe Restart, ó tún ti padà sẹ́yìn. Mo wá ṣe Defender Offline. Ó rí nǹkan méjì, ó yọ wọ́n. Mo tún lo PowerShell, mo ti ṣe Restart lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, ó ṣì ń ṣí. Ó ti yára díẹ̀ náà. Iṣẹ́ àṣekágbá mi pé."

Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n a ò tíì parí. Fáírọ́ọ̀sì yẹn gba ibì kan wọlé, mo sì rò pé fláàṣì tó o fi ń tẹ ìwé jáde ní kàfé ni. Ṣé ó ní fódà tó ti di shortcut? Bó bá ní i, má tẹ shortcut yẹn. Ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, má ṣí i, fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ rẹ̀, kó o yan "Scan with Microsoft Defender". Fáìlì rẹ ṣì lè wà níbẹ̀, kó jẹ́ pé wọ́n kàn fi wọ́n pa mọ́. Ṣí Command Prompt, kó o kọ èyí, kó o fi lẹ́tà fláàṣì rẹ rọ́pò E:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Wọ́n á yọjú padà. Láti ìsinsìnyí lọ, fi iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ sí ímeèlì kàfé náà gẹ́gẹ́ bí PDF, kí fláàṣì rẹ má débẹ̀ mọ́. Sọ ohun tí Defender bá rí lórí fláàṣì náà fún mi, kí n mọ̀ bóyá ó yẹ ká tún yẹ laptop náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i.